Bẹ́ ẹ ṣe lè sọ ìwé ìtàn di script fíìmù

Tí ìwé ìtàn kan bá dùn mọ́ yín débi pé ẹ fẹ́ sọ ọ́ di fíìmù, ẹ má tíì ṣí kọ̀ǹpútà o. Ẹ kọ́kọ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kíní, ẹ kàn jẹ́ kó dùn yín. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ mú bírò dání, gbogbo ibi téèyàn ti ń ṣe nǹkan tójú lè rí ẹ fàlà sábẹ́ ẹ̀, gbogbo ibi tó jẹ́ ìrònú lásán ẹ fi àmì míì síbẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà, kámẹ́rà ò lè wọnú ọkàn èèyàn.

Ká ní ìwé sọ pé "ó ti tó ọdún mẹ́ta tí Àbẹ̀kẹ́ ti ń di ọkọ ẹ̀ sínú, àmọ́ kò sọ fẹ́nì kankan." Bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé:

INÚ ILÉ. ÌDÁNÁ. ALẸ́
Àbẹ̀kẹ́ ń bu ọbẹ̀. Ó fi ẹran méjì sí abọ́ ọmọ, ọ̀kan sí tiẹ̀. Ó da omi ọbẹ̀ nìkan sí abọ́ kẹta, ó dé e. Ọkọ ẹ̀ wọlé.
ỌKỌ: Ìyá Ṣọlá, o kú iṣẹ́ o.
ÀBẸ̀KẸ́: Oúnjẹ yín wà níbẹ̀.
Ọkọ ṣí abọ́, ó wò ó, ó fọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Ṣẹ́ ẹ rí i? Ọ̀wọ̀ ṣì wà lẹ́nu ìyàwó, àmọ́ abọ́ tí ò lẹ́ran yẹn ti tú àṣírí. Pé ọkọ ò tiẹ̀ béèrè ẹran ló jẹ́ ká mọ̀ pé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìlà àkọ́kọ́ yẹn ló ń sọ bóyá inú ilé ni àbí ìta, ibo ni, ìgbà wo ni, gbogbo síìnì ló gbọ́dọ̀ ní i. Ojú ìwé kan nínú script máa ń tó bí ìṣẹ́jú kan lójú fíìmù, torí náà ìwé olójú ewé 300 ò lè wọlé tán, ẹ máa gé e dandan.

Gígé yìí ló ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù, wọ́n rò pé àrífín ni sẹ́ni tó kọ̀wé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́ṣin Ọba, ìyẹn ìjòyè tó yẹ kó kú tẹ̀ lé ọba tó wàjà, tó ṣẹlẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́. Dúró Ládiípọ̀ fi ṣeré, Wọlé Ṣóyínká náà gbé tiẹ̀ jáde ní 1975, òun fúnra ẹ̀ kọ ọ́ pé 1946 ló ṣẹlẹ̀, ó sì fa àsìkò ẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kó lè bọ́ sí ìgbà ogun Hitler. Gẹ̀ẹ́sì ni Ṣóyínká fi kọ ọ́, àmọ́ nínú fíìmù Bíyì Bándélé tó jáde ní 2022, Yorùbá ló pọ̀ jù lẹ́nu wọn. Ọdún yí padà, èdè yí padà, àmọ́ ẹni tó yẹ kó bá ọba lọ tí ò lọ, ìyẹn ò kúrò níbẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá nínú ìwé tiyín, ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, síìnì tí ò bá ràn án lọ́wọ́ ẹ yọ ọ́ kódà kó jẹ́ òun lẹ fẹ́ràn jù.

Òwe ńkọ́? Èyí tẹ́nì kan fi ń gún ẹnì kejì lára ẹ fi sílẹ̀, èyí tó kàn wà fún ẹwà ẹ yọ ọ́. Kẹ́ ẹ sì máa ka ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sókè, etí yín á sọ ibi tó ti gùn jù.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ náà ṣe pàtàkì gan-an o. Lófin Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ṣì wà fún 70 ọdún lẹ́yìn tó bá kú. Fágúnwà kú ní 1963, torí náà ìwé ẹ̀ ṣì ní ẹni tó ni ín títí 2033 á fi parí. Ẹ gba àṣẹ, kó wà lákọsílẹ̀, kẹ́ ẹ tó náwó kankan.

Fún ìkọ́ṣẹ́, ìtàn kúkúrú tí ò ju ojú ewé márùn-ún sí mẹ́fà lọ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ fún ẹni tí ò ka ìtàn yẹn rí, kó ka script, kó wá sọ ìtàn náà fún yín. Ibi tó bá ti ní "kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀?", nǹkan kan ṣì wà nínú ìwé tẹ́ ẹ ò tíì gbé wá, ẹ padà lọ mú un.