Bí a ṣe ń kọ àṣàrò lórí ohun tí a ti ń kọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún kọ́ọ̀sì

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni mo fi kọ̀wé fún kọ́ọ̀sì kan lórí ìtàn ìmọ̀ ìṣègùn. Tó bá ti di alẹ́ Sọ́ńdè, kálukú wa á kọ nǹkan bí 500 ọ̀rọ̀ lórí ohun tí a kà lọ́sẹ̀ náà. Gbogbo kíláàsì á kà á, ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ á sì kọ tirẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí kọ́ọ̀sì ń parí lọ, olùkọ́ ní kí a kọ ẹyọ kan sí i: àṣàrò lórí gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Wákàtí kan péré ni mo fi kọ ọ́. Mo ní mo gbádùn kọ́ọ̀sì náà, mo ní ìkọ̀wé mi ti dára sí i, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́. Ó dá a padà fún mi pẹ̀lú ìlà kan ṣoṣo: "Fi ibi tó ti dára sí i hàn mí." N kò rí ibì kankan tọ́ka sí, torí n kò padà ka ọ̀kankan nínú wọn kí n tó kọ̀wé. Bí mo ṣe tún un ṣe nìyí, pẹ̀lú ohun tí mo rò pé ó yẹ kí ẹni tí irú iṣẹ́ yìí bá já lé léjìká mọ̀.

Kó gbogbo rẹ̀ jọ, kà á, má tíì kọ nǹkan kan

Kó àwọn àkọsílẹ̀ rẹ sínú fáìlì kan, tò wọ́n láti ọ̀sẹ̀ kìíní dé èyí tó kẹ́yìn, kí o sì fi ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ sọ sí abẹ́ èyí tó ni ín. Bí o bá lè tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó sàn ju kí o máa fi ìka yí i lójú fóònù lọ. Lẹ́yìn náà, jókòó kà á tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ṣe ọ́ bíi kí o tún gbólóhùn kan ṣe níbí, kí o pa òmíràn rẹ́ lọ́hùn-ún. Má dán an wò. Ojú á tì ọ́ láwọn ibì kan. Àwọn ibẹ̀ gan-an lo máa padà wá bá ṣiṣẹ́.

Má sì sọ pé o ṣì rántí ohun tí o kọ. Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ ará Jámánì tó fi iyè ara rẹ̀ ṣe ìdánwò, ti tẹ̀ ẹ́ jáde láti ọdún 1885 pé ọjọ́ àkọ́kọ́ lèyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a há sórí máa ń fò lọ. Ẹni tó kọ̀wé ní ọ̀sẹ̀ kejì tó ń ro ó ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá, ìtàn tó ti sọ fún ara rẹ̀ nípa ìwé náà ló ń rántí.

Mú bírò, sàmì sí i

Fa ìlà sábẹ́ ibi tí ohun tí o sọ ti dá ọ lójú gan-an. Fi àmì ìbéèrè sí ibi tí ìwọ fúnra rẹ ì bá jiyàn báyìí. Ọ̀rọ̀ tó bá ń padà wá ṣáá, yí òbíríkítí po ó.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló yà mí lẹ́nu jù. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo kọ "láìsí àní-àní" nínú àkọsílẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, lórí àwọn nǹkan tí àní-àní pọ̀ nínú wọn dáadáa. Láti ọ̀sẹ̀ keje lọ, n kò rí i mọ́. "Ó jọ pé" ló gba ipò rẹ̀. N kò mọ̀ pé mo ti yí padà, àfi ìgbà tí mo kà á. Irú ẹ̀rí tí olùkọ́ ń béèrè nìyẹn, kò sì ṣòro láti rí: kíkà lásán ni.

Mú ibì kan ṣoṣo, kí o wà á jinlẹ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. A fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àkọsílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ìpínrọ̀ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá dà bí ìgbà tí ènìyàn ń pe orúkọ nínú rẹ́jísítà. Mú ọ̀kan, bó pọ̀ tán kó jẹ́ méjì, níbi tí èrò rẹ ti yí padà tàbí tó ti forí gbárí pẹ̀lú ti ẹlòmíràn.

Èmi mú ọ̀sẹ̀ kẹrin. Onígbáméjì tó jà ní Soho, ní ìlú London, lọ́dún 1854 la kà nípa rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, àti dókítà John Snow tó sọ pé inú omi ni àrùn náà ti ń wá, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn dókítà ayé ìgbà náà gbà pé afẹ́fẹ́ burúkú ló ń fà á. Mo parí àkọsílẹ̀ mi báyìí: "Láìsí àní-àní, John Snow yọ ọwọ́ ẹ̀rọ omi tó wà ní Broad Street, onígbáméjì sì dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀." Inú mi dùn sí gbólóhùn yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan kọ ìbéèrè kan sí abẹ́ rẹ̀: "Ǹjẹ́ o wo iye àwọn tó ń kú lójúmọ́ kí wọ́n tó yọ ọ́?" Inú bí mi. Mo rò pé ó kàn fẹ́ fi hàn pé òun gbọ́n ni. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí n tó lọ wò ó. Òpin oṣù kẹjọ ni àrùn náà ru sókè. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án ni wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, iye òkú ti ń wálẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sá kúrò ládùúgbò. Snow fúnra rẹ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò fi bò. Òun kọ́ ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́. Àwọn aláṣẹ àdúgbò ló rọ̀ tí wọ́n fi pàṣẹ. Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ Snow ró ni ìwádìí tó ṣe láti ilé dé ilé, tó ń béèrè omi ibi tí olúkúlùkù àwọn tó kú mu. Mo fo ìyẹn nínú àkọsílẹ̀ mi, torí pé kò dùn ún sọ tó ọwọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n yọ.

Ìbéèrè mẹ́ta tó lè gbé e

Lọ́dún 1970, Terry Borton, olùkọ́ ará Amẹ́ríkà, gbé ìbéèrè mẹ́ta kalẹ̀ tí àwọn olùkọ́ ṣì ń lò dòní. Ní èdè wa: kí ló ṣẹlẹ̀, kí ló já sí, kí ló kàn? Graham Gibbs, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́, náà ṣe tirẹ̀ ní 1988, ó pín in sí mẹ́fà: ohun tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe rí lára ẹni, èyí tó dára àti èyí tí kò dára níbẹ̀, ìtúpalẹ̀, ibi tí a parí èrò sí, àti ètò fún ìgbà mìíràn. Bí olùkọ́ rẹ bá ní ti Gibbs lòun fẹ́, ó di dandan. Bí kò bá sọ, mẹ́ta tó. Mo ti rí i tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bí ẹni ń kọ fọ́ọ̀mù, ìlà méjì sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí kò sì sí èyí tó jinlẹ̀.

"Kí ló ṣẹlẹ̀" ló rọrùn jù, ìdí nìyẹn tó fi máa ń gba ààyè jù. Nínú 900 ọ̀rọ̀ tí mo kọ, 200 ni mo fún un. "Kí ló já sí" gba 500, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Èyí tó ṣẹ́ kù lọ sórí ohun tó kàn.

Wo bí ìpínrọ̀ méjì ṣe yàtọ̀ síra. Èyí tí olùkọ́ dá padà nìyí:

"Kọ́ọ̀sì yìí ti ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀. Mo ti di ẹni tó ń ronú jinlẹ̀. Ìkọ̀wé mi ti yàtọ̀ gedegbe sí ti tẹ́lẹ̀."

Ẹnikẹ́ni ló lè kọ èyí nípa kọ́ọ̀sì èyíkéyìí, kódà ẹni tí kò wá sí kíláàsì. Èyí tí mo fi rọ́pò rẹ̀ nìyí:

"Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo kọ pé onígbáméjì dáwọ́ dúró 'lójú ẹsẹ̀'. Kò sí ìkankan nínú ohun tí a kà tó sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo fi í síbẹ̀, torí mo fẹ́ kí ìtàn náà dùn délẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ keje, nígbà tó kan dókítà Semmelweis àti ilé ìgbẹ̀bí ní ìlú Vienna lọ́dún 1847, mo kọ́kọ́ to iye àwọn ìyálọ́mọ tó kú tẹ̀léra ní oṣù-oṣù: ó lé ní ìdá 18 nínú 100 ní oṣù kẹrin, ní oṣù kẹfà, lẹ́yìn tí àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi oníkẹ́míkà fọwọ́, kò tó ìdá 3. Ìgbà yẹn ni mo tó sọ ohun tó fà á, mo sì fi 'ó jọ pé' ṣáájú."

Má parọ́ pé ò ń gòkè ṣáá

Àkọsílẹ̀ mi ti ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án kò dára. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi kọ ọ́, ìdánwò kọ́ọ̀sì mìíràn wà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ti ọ̀sẹ̀ kejì tilẹ̀ sàn jù ú lọ. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú àṣàrò náà. Olùkọ́ ti kà á, ó ti fún un ní máàkì. Ta ni mo fẹ́ tàn jẹ?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọpẹ́. Bí o bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́, lọ bá a dúpẹ́. Kò ní ibi tó máa jókòó sí nínú 900 ọ̀rọ̀.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí o wò: ta lò ń kọ̀wé sí nígbà náà? Olùkọ́ nìkan ni mo ń kọ ọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀, ó hàn nínú ọ̀rọ̀ ńláńlá tí mo tò jọ. Láti ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹlẹgbẹ́ mi oníbéèrè yẹn ni mo ń rí níwájú mi bí mo bá ń kọ̀wé. Mo ti ń dáhùn kó tó béèrè.

"Kí ló kàn" gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ṣeé ṣe

"N ó túbọ̀ tẹra mọ́ṣẹ́" kì í ṣe ètò. Èyí tí mo kọ ni pé: kí n tó kọ "òun ló fà á" nípa ohunkóhun, n ó kọ déètì ohun tí mo rò pé ó fà á àti ti ohun tó ṣẹlẹ̀ sórí ìwé, n ó wo èyí tó ṣáájú, n ó sì wo bí nǹkan ṣe ń lọ kí èyí tó ṣáájú náà tó dé. Ẹni tó bá ka iṣẹ́ mi lẹ́yìn èyí lè wò ó bóyá mo ṣe é.

Ìyókù kò le. Kọ nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo gbólóhùn tí o bá mú jáde nínú iṣẹ́ rẹ, kí o sì dà á kọ bó ṣe wà, àṣìṣe inú rẹ̀ pẹ̀lú. Ka gbogbo rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan kí o tó fi ránṣẹ́.

Bí o bá sì fẹ́ lo ọ̀rọ̀ tí ẹlẹgbẹ́ rẹ kọ, yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, kí o tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lọ bá tèmi. Ó ní kí n lò ó, ṣùgbọ́n òun ò rántí pé òun kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n fi ránṣẹ́ sí òun kí òun rí i.