Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú lílu ihò èèkàn sí orí tábìlì káfíńtà tí ó nípọn

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ṣì ti ń kan ìṣó mọ́ orí tábìlì kí pákó tí wọ́n ń fá má baà yẹ̀, títí gbogbo orí tábìlì náà yóò fi kún fún ojú ìṣó. Ẹni tí ó bá ti náwó ra igi apá tàbí ìrókò tí ó nípọn tó íǹṣì 3 sí 4 kò ní fẹ́ bà á jẹ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ihò roboto ni yóò fẹ́ lu sí i, kí ó lè máa ki èèkàn bọ̀ ọ́ láti dá iṣẹ́ dúró, tàbí kí ó máa fi òòlù gbá irin ọlọ́rùn títẹ̀ sínú rẹ̀ láti di pákó mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ yìí rọrùn lójú, ṣùgbọ́n igi tí ó nípọn kì í bo àṣìṣe mọ́lẹ̀: ohun tí ó yẹ̀ díẹ̀ lókè yóò ti yẹ̀ púpọ̀ kí ó tó yọ nísàlẹ̀.

Èyí tí mo rí pé ó ń ba tábìlì jẹ́ jù ni kí oníṣẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé ojú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá dírílì dúró ṣánṣán. Bí bíìtì, irin tí ń lu ihò lẹ́nu dírílì, bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ìwọ̀n dígírì 1 péré, nínú igi tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mìlímítà 2 kúrò lójú àmì nísàlẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ tó dígírì 3, ó ti lé ní mìlímítà 5. Èèkàn tí ó wà nínú irú ihò bẹ́ẹ̀ yóò fì sẹ́yìn, nígbà tí fáìsì, irin ara tábìlì tí a ń yí láti fi di pákó mú, bá sì ti pákó lù ú, etí kan pákó náà yóò gbé nílẹ̀, rándà yóò sì máa fá ibi tí kò yẹ kí ó fá. Ẹ má ṣe ní kí ọmọ iṣẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó máa pariwo pé ó ti tọ́. Ojú ni òun náà ń lò, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ó sì ń rí. Kí a mú àjẹkù igi líle tí ó ga tó íǹṣì 3, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ní dírílì adúró, èyí tí a so mọ́ òpó kí ó lè sọ̀ kalẹ̀ tààrà, kí ó bá wa lu ihò kan tí ó dúró ṣánṣán sí i. Igi yìí ni a ó fi kílámpù dè mọ́ ojú àmì, tí bíìtì yóò máa gba inú rẹ̀ wọlé. Bí bíìtì kò bá gùn tó láti kọjá nínú méjèèjì, kí a yọ igi náà nígbà tí ihò bá ti jìn tó íǹṣì 2, nítorí ihò tí ó ti wà nílẹ̀ yóò máa tọ́ ọ.

Bíìtì pẹlẹbẹ tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà kò burú fún pákó tínrín, ṣùgbọ́n nínú igi tí ó jìn, ó máa ń yà tẹ̀ lé ìlà ara igi, ara ihò kì í sì í dán. Bíìtì gígùn tí ó lọ́, tí ṣóńṣó rẹ̀ ní ojú sukúrù, ni ó yẹ iṣẹ́ yìí. Kí a má ṣe yí i ní eré àsápajúdé, kí a sì máa fà á jáde lóòrèkóòrè kí ẹ̀rún igi lè dà nù, nítorí ẹ̀rún tí ó há síbẹ̀ ni ó ń mú kí igi rú èéfín. Ìrókò tún ní tirẹ̀: òkúta líle a máa fara pamọ́ sínú rẹ̀ nígbà mìíràn, ó sì lè pa ẹnu bíìtì tuntun lójú ẹsẹ̀. Bí ohùn dírílì bá yí padà lójijì, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ má ṣe fi agbára tì í. Ó sì lè jẹ́ ìṣó ni, pàápàá lára tábìlì tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ pọ̀, tí ẹnì kan sì tún kan ìṣó sí inú rẹ̀ kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ.

Àwọn kan máa ń lu ihò kí wọ́n tó wo abẹ́ tábìlì. Ihò tí ó bá bọ́ sórí ẹsẹ̀ tábìlì kò ní ìsàlẹ̀ tí ẹ̀rún lè gbà jáde, a kò sì lè ti èèkàn sókè láti abẹ́. Àlàfo ihò sí ihò pẹ̀lú kò gbọ́dọ̀ ju bí ẹnu fáìsì ti lè là tó: bí fáìsì bá là tó sẹ̀ǹtímítà 20, tí àlàfo sì jẹ́ 25, pákó kan yóò wà tí kò ní ibi tí a lè dì í mú sí.

Ẹ má ṣe lu ihò kan ṣoṣo sí tábìlì kí ẹ tó dán bíìtì náà wò lára àjẹkù. Bíìtì tí ó jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì (¾) ń lu ihò nǹkan bíi mìlímítà 19. Èèkàn mìlímítà 20 kò ní wọ inú rẹ̀, èèkàn 19 yóò sì máa mì nínú ihò 20.

Ìsàlẹ̀ ni ẹ̀gbin iṣẹ́ yìí ti ń hàn, nítorí bí bíìtì bá já lójijì, yóò fa igi ya. Nígbà tí ṣóńṣó sukúrù bá ti yọ jáde lábẹ́, kí a dúró, kí a yí tábìlì padà, kí a sì parí ihò láti ojú àmì yẹn. Bí a bá fẹ́ lo irin ọlọ́rùn títẹ̀, àkókò yìí gan-an ni ó ṣe pàtàkì. Irin náà ń dì mú nítorí pé ó tẹ̀ díẹ̀ nínú ihò, ó ń fara ti ẹ̀gbẹ́ kan lókè àti ẹ̀gbẹ́ kejì nísàlẹ̀. Bí igi bá nípọn jù, kò ní lè tẹ̀ tó, yóò sì máa yọ. Nítorí náà, a ń fi bíìtì tí ó tóbi ju ti ihò náà lọ fẹ̀ ẹ́ láti abẹ́, kí ó ku nǹkan bí íǹṣì 3 lókè. Àwọn tí wọ́n bá ti lu ihò kékeré já tán kí wọ́n tó rántí kì í rí ibi tí ṣóńṣó bíìtì ńlá yóò ti di igi mú, bíìtì náà á sì máa fò kiri. Ihò ńlá ni kí a kọ́kọ́ lu láti ojú àmì abẹ́, kí a tó fi bíìtì kékeré parí èyí tí ó kù.

Igi tútù láti sọ́mìlù kò yẹ fún èyí rárá. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, igi yóò sún kì ní ìbú ju gígùn lọ, ihò kò sì ní rí roboto mọ́. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ fi fáìlì dẹ etí ihò díẹ̀ kí ó má baà máa ṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kun fáníìṣì tàbí òróró sínú rẹ̀, nítorí irin kì í di ara tí ó ń yọ̀ mú.