Òbí Tó Fẹ́ràn Wa Tó Tún Lù Wá Lálùbami: Bí A Ṣe Ń Wo Ọgbẹ́ Ìgbà Èwe Sàn

Ẹni tí òbí ẹ̀ ò ṣojú rere sí i rí, ó le fún un lóòótọ́, àmọ́ ó kéré tán ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Èyí tó máa ń da orí èèyàn rú títí dàgbà ni ti ìyá tó ń kì yín láràárọ̀, Àjọkẹ́ ọmọ mi, Àkànní ọkọ mi, tó pọ̀n yín lọ sí ọsibítù lóru ọjọ́ tí ibà dá yín wó, tó ta aṣọ ẹ̀ kí owó WAEC yín lè pé, ìyá yẹn kan náà ló sì fi ọmọ́rogùn nà yín títí ara fi bó torí igba náírà tó sọ nù lọ́nà ọjà. Tàbí bàbá tó máa ń ṣẹ́ ẹran tiẹ̀ kù sínú àwo fún yín, síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ìró mọ́tò ẹ̀ lẹ́nu géètì, àyà yín á já. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sọ bí ìgbà èwe yín ṣe rí, ẹ ò ní mọ èyí tẹ́ ẹ máa sọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju ẹyọ kan lọ: méjèèjì ló ṣẹlẹ̀. Ìfẹ́ yẹn kì í ṣe irọ́, ìyà yẹn náà kì í ṣe irọ́, kò sì pọn dandan kẹ́ ẹ fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́ kí ara yín tó lè yá.

1. Ẹ pe ohun tó ṣẹlẹ̀ lórúkọ ẹ̀

Ibí ló máa ń le jù fún wa, torí látilẹ̀ ni wọ́n ti ní ẹ̀kọ́ ilé ni. "Ká ní wọn ò nà mí ni, mi ò bá ti ya ìyàkuyà." Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ, ọ̀pọ̀ nínú wa náà sì ti sọ ọ́. Àmọ́ àwọn àgbà tó ní ká fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí ká fi tòsì fà á mọ́ra, wọn ò sọ pé ká fi ata sí i lójú, wọn ò ní ká fi wáyà nà án, wọn ò ní ká tì í mọ́ta kó sun ìta, wọn ò sì ní ká máa pè é ní olóríburúkú títí tóun náà á fi gbà á gbọ́. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2003 sọ ọ́ kedere ní abala 11 pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣe ọmọ léṣe, ì báà jẹ́ lára, ì báà jẹ́ lọ́kàn. Ìwádìí tí ìjọba àti UNICEF ṣe lọ́dún 2014 sì fi hàn pé nínú ọmọ méjì ní Nàìjíríà, bí ọ̀kan ni wọ́n ti lù tàbí ṣe léṣe kó tó pé ọdún 18, torí náà ẹ ò dá wà, àmọ́ pé ó pọ̀ bẹ́ẹ̀ ò sọ ọ́ di ohun tó dáa.

Tí ẹnu yín ò bá gbé e, ẹ wo ọmọ ọdún méje kan ládùúgbò yín, kẹ́ ẹ fojú inú wò ó pé òun ni wọ́n ṣe é fún. Ohun tẹ́ ẹ bá pè é nígbà yẹn, òun lẹ máa pe tiyín náà.

2. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ìwé méjì

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Lójú kan, ẹ kọ ohun rere tí wọ́n ṣe, kó sì jẹ́ ohun gidi, kì í ṣe "Mọ́mì dáa," bí kò ṣe "wọ́n sun orí ilẹ̀ kí n lè sun orí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí mo ní ìgbóná." Lójú kejì, ẹ kọ ìyà náà bẹ́ẹ̀, ọjọ́ wo, kí ni wọ́n fi nà yín, kí ni wọ́n sọ, ta ló wà níbẹ̀ tí ò sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ojú ìwé kan máa dá èkejì lóhùn. Ẹ má ṣe ìṣirò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ohun kékeré o, ẹ má lọ bẹ́ sórí ọjọ́ tó burú jù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n James Pennebaker ní Amẹ́ríkà dán irú èyí wò, ó sì gbé e jáde lọ́dún 1986: ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin tẹ̀léra. Inú àwọn tó kọ ohun tó dùn wọ́n bàjẹ́ sí i lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́, àmọ́ láwọn oṣù tó tẹ̀ lé e, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ lọ sí kílíníìkì bíi tàwọn tó kọ ọ̀rọ̀ lásán. Torí náà tẹ́ ẹ bá sunkún lọ́jọ́ yẹn, ẹ má rò pé ẹ ti ba nǹkan jẹ́. Ẹni tí kò lè kọ ọ́ kó sọ ọ́ sínú fóònù, kó sì fi páṣíwọ́ọ̀dù tì í.

Tó bá jẹ́ pé wọ́n fipá bá yín sùn ni tàbí wọ́n fọwọ́ kàn yín níbi tí kò yẹ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dá apá yìí ṣe. Ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn ná.

3. Ẹ máa ṣọ́ ara yín

Ọkàn lè gbàgbé, ara kì í tètè gbàgbé. Dókítà Vincent Felitti àti Robert Anda gbé ìwádìí ńlá kan jáde lọ́dún 1998, ó fi hàn pé bí ohun burúkú tó ṣẹlẹ̀ séèyàn ní kékeré bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìrẹ̀wẹ̀sì, ọtí àmujù àti àìsàn ọkàn ṣe máa ń pọ̀ tó lẹ́yìn tó bá dàgbà.

Àmọ́ àwa tí ìfẹ́ àti ẹgba ti ọwọ́ kan náà wá, a ní àmì tiwa. Tẹ́nì kan bá ń ṣe wá dáadáa, ara wa ò ní balẹ̀, a ó máa retí ìgbà tó máa yí padà. Ọkọ tàbí ìyàwó yín dákẹ́ díẹ̀, ẹ ti ń tọrọ àforíjì ohun tẹ́ ẹ ò ṣe. Ọ̀gá níbi iṣẹ́ ní òun fẹ́ rí yín, inú ti ń run yín. Àwọn míì sì wà, ẹni tó ń fìyà jẹ wọ́n nìkan ni wọ́n máa ń gbà pé ó fẹ́ràn àwọn, ìyẹn ló máa ń dùn mí jù.

Tí irú ẹ̀rù yẹn bá ti dé, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, ẹ mí sínú, kẹ́ ẹ wá mí síta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó pẹ́ ju ti inú lọ, ẹ dárúkọ ohun márùn-ún tójú yín ń rí, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ síta: "Ilé mi nìyí, mo ti dàgbà, kò sẹ́ni tó máa nà mí." Ẹ máa ṣe é lọ́jọ́ tára yín balẹ̀ náà kó lè mọ́ yín lára.

4. Ẹ wá ẹnì kan sọ fún

Ẹnì kan péré. Kì í ṣe ẹni tó máa ka "bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá rẹ" sí yín létí kó sì pa ọ̀rọ̀ dé. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àbúrò àti ẹ̀gbọ́n yín o, torí ẹ lè ti gbé ilé kan náà kẹ́ ẹ má gbé ọ̀dọ̀ òbí kan náà. Ó lè jẹ́ àkọ́bí ló jẹ ẹgba jù, kó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n á fi bí àbíkẹ́yìn ọwọ́ Dádì ti rọ̀, tí àbíkẹ́yìn bá wá ní irọ́ lẹ̀ ń pa, ohun tóun rí ló ń sọ. Ẹ kọ́kọ́ sọ díẹ̀ fún ẹni tẹ́ ẹ bá yàn, kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa gbà á.

5. Ti àwọn òbí fúnra wọn

Kò pọn dandan kẹ́ ẹ bá wọn sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ọ́, kó má jẹ́ ọjọ́ Iléyá tàbí Kérésì tí ilé kún. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe, ọ̀wọ̀ yẹn ò sọ pé irọ́ lọ̀rọ̀ yín. Ẹ mú ọjọ́ kan ṣoṣo sọ: "Mọ́mì, mi ò gbàgbé gbogbo làálàá yín lórí mi. Ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ọmọ́rogùn nà mí níwájú àwọn ayálégbé, ó ṣì ń dùn mí." Kẹ́ ẹ dákẹ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní, "Ṣé èrè ìyà tí mo jẹ lórí ẹ nìyí?" Ẹ má bá wọn jà, ẹ kàn dìde. Ọ̀pọ̀ òbí wa ò ní sọ pé "má bínú" láyé, ẹja tútù ni wọ́n á fi ránṣẹ́, tàbí kí wọ́n pè yín ní ìdájí pé ṣé ẹ ti jẹun. Ẹ̀yin lẹ máa sọ bóyá ìyẹn tó, kì í ṣe ẹbí.

Wọ́n lu àwọn òbí wa náà ní kékeré, òótọ́ ni. Ó ń jẹ́ ká mọ ibi tó ti wá, kò ní kó má dùn wá. Ẹ lè máa fowó ránṣẹ́ lóṣooṣù kẹ́ ẹ má sì sun ilé wọn. Ẹ lè gbé ọmọ yín lọ kí wọn kẹ́ ẹ má sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ìyẹn ò sọ yín di ọmọ burúkú. Tí wọ́n bá sì ti kú, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn nínú ìwé yẹn, tìfẹ́ tìbínú.

Ọmọ tiyín ńkọ́? Tọ́wọ́ yín bá ti gbéra, ẹ jáde kúrò nínú yàrá náà. Tẹ́ ẹ bá ti pariwo kọjá àlà, ẹ padà lọ bá a: "Bí mo ṣe pariwo mọ́ ẹ yẹn ò dáa, má bínú." Ọmọ ò ní rí yín fín torí ẹ̀.

6. Ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ lọ rí dókítà

Tí oorun bá ti dá lójú yín fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, tó bá jẹ́ ọtí tàbí oògùn ló ń gbé yín sùn, tàbí tẹ́ ẹ bá ń lu ẹlòmíì, ẹ má dúró. Tó bá sì ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ gbẹ̀mí ara yín, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́nì kan sì wà pẹ̀lú yín títí ẹ máa fi débẹ̀. Ọsibítù ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábàá l'Ékòó, ti Aro wà l'Abẹ́òkúta, ọsibítù UCH n'Ìbàdàn náà ní àwọn dókítà ọpọlọ. Ní ti ìfipábánilòpọ̀, Mirabel Centre, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, wà nínú LASUTH, ọsibítù ńlá ìjọba Èkó n'Ìkẹjà, àjọ DSVA tìjọba Èkó sì ń gbọ́ ẹjọ́ ìyà inú ilé.

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi orúkọ Aro dẹ́rù bà yín. Láti ọdún 1954 ni wọ́n ti ń tọ́jú èèyàn níbẹ̀, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ló sì bẹ̀rẹ̀ ètò tí aláìsàn fi ń gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí ẹ̀ kan, tó ń wá gbàtọ́jú lójúmọmọ. Ẹ̀yin náà lè mú ẹnì kan dání. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ gbé ìwé yẹn lọ́wọ́, tí ẹnu yín ò bá gbọ̀rọ̀, ẹ ṣí i fún un kó kà á.