Bí A Ṣe Ń Dán Ẹ̀rọ Tó Ń Wọn Gámà àti Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù Wò, Tí A sì Ń Tún Un Ṣe

Ojú méjì ni ẹ̀rọ yìí ní: kírísítálì sodium iodide ló ń gba ìtànṣán gámà, pẹlẹbẹ silicon sì ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù nínú àgbá tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Cesium-137, èròjà kan tó ń tú ìtànṣán jáde fúnra rẹ̀, nìkan tó láti dán méjèèjì wò, bí kò bá ṣáà ti jẹ́ èyí tí wọ́n fi ike dé, nítorí pé gámà a máa la ike kọjá, ṣùgbọ́n inú ike ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń kú sí. Ẹni tó ti gba ẹ̀kọ́ àti àṣẹ nìkan ni kó fọwọ́ sí iṣẹ́ yìí. Ẹ̀mú ni yóò sì fi gbé cesium náà.

Ẹ tan ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, nítorí pé ooru ọ̀sán Àjàṣẹ́ a máa sún òǹkà kúrò níbi tí ẹ fi í sí láàárọ̀. Ní ojú gámà, ẹ wá ṣóńṣó (ibi tí òǹkà ti ga jù lórí àwòrán) tó wà ní 661.7 keV (keV ni a fi ń wọn agbára ìtànṣán), kí ẹ sì wọn ìbú rẹ̀ ní ìdajì gíga rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ nǹkan bí 46 keV, ara kírísítálì le. Bí ó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ gan-an, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rinrin ti wọ inú agolo rẹ̀, nítorí pé kírísítálì náà ń fa omi bí iyọ̀ tí a ṣí sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀sà.

Ní ojú kejì, 624.2 keV ni ṣóńṣó ńlá ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ wà. Ohun tó fi dín sí ti gámà ni agbára tó so ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú lọ́hùn-ún mọ́ átọ́ọ̀mù barium, èyí tí cesium náà ń yí padà sí. Bí ṣóńṣó náà bá rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, tó tún ń wọ́ ìrù sí apá òsì, a jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ṣì kù nínú àgbá, tàbí pé cesium náà nípọn jù. Ẹ wá fi páànù alumíníọ́mù tó nípọn tó mílímítà 2 dí iwájú silicon, kí ẹ tún kà á. Ohun tó bá kù kì í ṣe ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye àkọ́kọ́.

Ariwo inú ẹ̀rọ, ìyẹn òǹkà tí kò ti ara cesium wá, ló ń gba sùúrù jù. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi tú wáyà palẹ̀, àṣé ihò kékeré kan lára ìdérí ni oòrùn ń gbà wọlé, silicon sì ń rí i! Láti ìgbà náà, tọ́ọ̀ṣì ni mo kọ́kọ́ ń tàn yí ìdérí ká. Bí òǹkà bá fò sókè, mo ti mọ ibi tó ń jò. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ so wáyà ilẹ̀ gbogbo ẹ̀rọ mọ́ ojú kan ṣoṣo.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣí àgbá, ẹ kọ́kọ́ dín iná mànàmáná tó ń lọ sára silicon kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di òdo, kí ẹ tó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé.