Kóòdù kan náà, èsì méjì: ẹ dárúkọ parser fún Beautiful Soup

Bí kóòdù Python tó ń fi Beautiful Soup ka ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà yín, tó sì ń mú èsì mìíràn jáde lórí server, ẹ má tíì tún un kọ. Ohun tó wà lórí ẹ̀rọ méjèèjì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Beautiful Soup kì í fúnra rẹ̀ ka HTML. Parser ló ń bá a kà á. `html.parser` bá Python wá, ṣùgbọ́n `lxml` àti `html5lib`, pip (irinṣẹ́ tí a fi ń gbé àfikún wọlé fún Python) la fi ń gbé wọn wọlé. Bí ẹ bá kọ `BeautifulSoup(html)` lásán, lxml ló máa kọ́kọ́ wá. Bí kò bá rí i, ó kan html5lib. Bí ìyẹn náà kò bá sí, html.parser ló kù. Èyí tó bá bá nílé ló ń lò.

lxml sì lè wọlé láì jẹ́ pé ẹ pè é, nítorí python-docx àti Scrapy máa ń fà á wá. Ẹ tẹ `pip show lxml`, kí ẹ wo ìlà `Required-by`.

Ẹ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní `<a></p>`. lxml á dá `<html><body><a></a></body></html>` padà. html5lib á fi `<head>` kún un, á sì sọ `</p>` di `<p></p>`. Ní ti html.parser, `<a></a>` péré ni. Ìdí nìyí tí `soup.body.p` fi ń ṣiṣẹ́ fún `<p>Ẹ káàbọ̀</p>` níbi tí lxml wà, tó sì ń mú `AttributeError` wá níbi tí html.parser nìkan wà: html.parser kò dá body kankan sílẹ̀, `soup.body` sì di `None`.

Èyí tí kì í pariwo ló burú jù. Bí tábìlì kò bá ní `<tbody>`, html5lib á fi í sí i. `soup.select("table > tr")` tó ń kó gbogbo ìlà tẹ́lẹ̀ á wá mú líìsì òfìfo wá, láìsí àṣìṣe kankan lójú yín.

Láti mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́, ẹ fi `print(soup.builder.NAME)` sí kóòdù náà lórí ẹ̀rọ méjèèjì. Bí ẹ bá fẹ́ rí bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ka ojú ìwé náà, ẹ lo èyí:

`from bs4.diagnose import diagnose`
`diagnose(html)`

Àtúnṣe rẹ̀ kò le: `BeautifulSoup(html, "lxml")`. Ṣùgbọ́n ẹ kọ `lxml` sínú requirements.txt (fáìlì tó to àwọn àfikún tí kóòdù yín nílò) pẹ̀lú, àti nọ́ńbà ẹ̀dà tí `pip freeze` fi hàn yín. Níbi tí kò bá sí, `FeatureNotFound` á dá iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀; ó sàn ju èsì tó ṣì lọ́nà lọ fíìfíì. Bí ẹ kò bá fẹ́ gbé nǹkan mìíràn wọlé, ẹ kọ `"html.parser"`, kí ẹ sì rí i pé ẹ̀dà Python kan náà ló wà níbi gbogbo.

Bí ẹ kò bá dárúkọ parser, Beautiful Soup máa ń fi ìkìlọ̀ `GuessedAtParserWarning` hàn. Ẹ má pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ sọ ọ́ di àṣìṣe gan-an, kí ó má bàa sí ibi tí ẹ ti gbàgbé láti dárúkọ parser:

`import warnings`
`from bs4 import GuessedAtParserWarning`
`warnings.simplefilter("error", GuessedAtParserWarning)`

Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò nínú venv (àyíká Python tó dá dúró lọ́tọ̀) tí kò tíì ní nǹkan kan:

`python3 -m venv tuntun`
`source tuntun/bin/activate`
`pip install -r requirements.txt`

Lórí Windows, `tuntun\Scripts\activate` ni ìlà kejì.