Bí bọ́ọ̀tì yín bá ń dáhùn òdì: bí a ṣe ń wá òfin tó gbé ọ̀rọ̀ náà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta àdìrẹ àti bùbá rírán ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. Mo ṣe bọ́ọ̀tì kan, ètò kọ̀ǹpútà, fún un tí yóò máa dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí fóònù nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dí. Kò pẹ́ rárá tí oníbàárà kan fi kọ̀wé pé, "Se Akure le wa?" Bọ́ọ̀tì dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni mà, ó kù nílẹ̀." Ẹlòmíràn béèrè bóyá ọwọ́ bùbá gùn, bọ́ọ̀tì fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ sí i. Obìnrin náà bínú, ó ní ṣé owó la kọ́kọ́ ń gbà ká tó dá èèyàn lóhùn ni. Ó dùn mí gan-an, torí pé ojú ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fi ń wo ohun tí bọ́ọ̀tì bá sọ.

Irú bọ́ọ̀tì yìí kì í ronú. Èèyàn ló kọ òfin sínú rẹ̀: bí o bá rí ọ̀rọ̀ báyìí, fi èsì báyìí dáhùn. Nítorí náà, bó bá dáhùn òdì, òfin kan wà tó gbé ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Iṣẹ́ yín ni kí ẹ mọ òfin wo ni, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó jẹ́wọ́

Ẹ má tíì fi òfin tuntun kún un. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, òfin mẹ́ta ni mo fi kún un, ìdáhùn méjì tó ti dára tẹ́lẹ̀ sì bàjẹ́. Ohun tó yẹ ni kí bọ́ọ̀tì máa kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀ fún gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá wọlé:

Ó dé: Se Akure le wa?
Lẹ́yìn tí a fọ̀ ọ́: se akure le wa
Òfin tó gbé e: 7, ọjà tó kù
Ohun tó rí mú: ku

Ìlà kẹrin yẹn ló là mí lójú. Mo ní kí òfin keje máa ṣọ́ "kù", kó lè dá àwọn tó ń béèrè pé "ṣé ó kù?" lóhùn. Ṣùgbọ́n "ku" wà láàárín "Akure". Ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ ìlú wa, ọjà tó kù ni bọ́ọ̀tì máa ń sọ fún un.

Odidi ọ̀rọ̀ ni kó máa wò

Ẹ jẹ́ kó gé gbólóhùn sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan níbi tí àlàfo àti àmì ìdánudúró bá wà, kó wá fi odidi ọ̀rọ̀ wé odidi ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń lo Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹ ṣọ́ra fún \b tí gbogbo ènìyàn ń lò láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí. Àmì ohùn tó dá dúró kì í ṣe lẹ́tà lójú "re", irinṣẹ́ tí Python fi ń wá ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ní kó wá "ọkọ" láàárín \b méjì, yóò rí i nínú "ọkọ̀", torí ó gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí kí àmì ohùn ìsàlẹ̀ yẹn tó dé. Ẹni tó ń béèrè ọkọ̀ tí yóò gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí Oǹdó ni bọ́ọ̀tì ń fi aṣọ ọkọ ìyàwó hàn. Gígé gbólóhùn fúnra yín ló dára jù.

Síbẹ̀, odidi ọ̀rọ̀ nìkan kò tó. "E ku aaro ma" náà ní "ku" nínú, odidi ọ̀rọ̀ sì ni. Àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe wa kúrú: kù, tà, rà, wà. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì ṣọ́ nǹkan kan ní òun nìkan. Ẹ fún un ní ẹnì kejì: "o ku", "so ku", "o seku". Ẹ sì rántí pé "ṣó kù" àti "ṣ'ó kù" wọ́pọ̀ ju "ṣé ó kù" lọ nínú ohun tí àwọn èèyàn ń tẹ̀, pé àmì tó wà láàárín ṣ àti ó yẹn sì máa ń jẹ́ títẹ̀ (’) lórí fóònù kan, nàró (') lórí òmíràn. Ẹ yọ méjèèjì kúrò nígbà tí ẹ bá ń fọ ọ̀rọ̀.

Àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù fún ẹni tó ń kọ bọ́ọ̀tì Yorùbá.

Ẹ kọ "Àkúrẹ́" lórí fóònù méjì. Lójú, ìkan náà ni wọ́n. Ẹ wá ní kí kọ̀ǹpútà ka iye kóòdù (nọ́ńbà tó fi mọ lẹ́tà tàbí àmì kọ̀ọ̀kan) tó wà nínú wọn: ìkan lè jẹ́ 6, èkejì 9. Ìdí ni pé fóònù kan ń lo ẹ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ lára, U+1EB9, èkejì ń kọ e lásán, ó wá ń fi àmì ìsàlẹ̀, U+0323, sí i lẹ́yìn. À àti ú náà lè wà ní ẹyọ kan tàbí ní méjì. Bọ́ọ̀tì tó ń fi kóòdù wé kóòdù yóò ní àwọn méjèèjì kò jọra. Ìwòsàn rẹ̀ ni ìtò tí wọ́n ń pè ní NFC, tó ń sọ gbogbo wọn di ìkọ̀wé kan náà: ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ oníbàárà àti ọ̀rọ̀ inú òfin yín kọjá nínú rẹ̀ kí ẹ tó fi wọ́n wéra. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń fi igi kékeré, U+0329, sábẹ́ lẹ́tà dípò tó-o-tó, àmì róbótó tí a mọ̀. NFC kò ní sọ ìyẹn di tó-o-tó fún yín. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ fúnra yín kí NFC tó ṣiṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í tẹ àmì kankan. Ìyẹn ló ń mú kí àwa tí ń kọ òfin yọ gbogbo àmì dànù, kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba. Ìyẹn gan-an ló fa ọ̀rọ̀ nọ́ńbà àkáǹtì: "owó" àti "ọwọ́" ti di "owo".

Ọ̀nà tí mo gbà ṣe é nìyí. Ipele mẹ́ta ni mo fi wéra, ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Àkọ́kọ́, pẹ̀lú gbogbo àmì. Bí kò bá rí nǹkan mú, mo yọ àmì ohùn, mo fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Níbẹ̀, "owo" àti "ọwọ" ṣì yàtọ̀. Ìgbà tí ìyẹn náà bá kùnà ni mo tó yọ gbogbo rẹ̀. Ní ipele kejì àti ìkẹta, ọ̀rọ̀ bí owo, oko àti igba kò gbọdọ̀ dá mú òfin kankan. Bí "san" tàbí "akanti" bá wà pẹ̀lú "owo", ti owó ni. Bí "gun" tàbí "kukuru" bá wà níbẹ̀, ti ọwọ́ aṣọ ni. Ẹni tó bá wá kọ "Owo buba yen nko?", èmi gan-an tí mo gbọ́ Yorùbá ò lè búra pé mo mọ èyí tó ń béèrè. Ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀tì béèrè padà: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé iye rẹ̀ ni àbí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe gùn tó?" Kò sí ẹni tó bínú sí ìbéèrè yẹn rí.

Ìkíni kò gbọ́dọ̀ gbé ìbéèrè mì

Oníbàárà wa kì í ṣàì kíni. "E kaaro ma, elo ni adire?" Bí òfin ìkíni bá wà lókè, "Ẹ káàárọ̀ mà" ni bọ́ọ̀tì yóò fi dáhùn, yóò sì dákẹ́. Ẹni náà yóò rò pé a ò fẹ́ tà ni.

Ọ̀rọ̀ ipò ni èyí, ó sì ti pẹ́. Nínú ELIZA, bọ́ọ̀tì tí Joseph Weizenbaum ṣe ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, tó sì kọ nípa rẹ̀ ní 1966, ọ̀rọ̀ tí bọ́ọ̀tì ń ṣọ́ lè ní nọ́ńbà ipò tirẹ̀, èyí tó ga jù nínú gbólóhùn ló ń borí. Ẹ fún ìkíni ní ipò tó kéré jù, kí iye owó àti ọjà tó kù wà lókè rẹ̀.

Bí ẹ bá ń lo AIML, èdè òfin tí Richard Wallace dá sílẹ̀, nọ́ńbà kọ́ ló ń ṣètò rẹ̀. Láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ló ti ń yàn: ó kọ́kọ́ wo _, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ gan-an, lẹ́yìn náà * (_ àti * lè dúró fún ọ̀rọ̀ èyíkéyìí). Nítorí náà "E KAARO *" yóò borí "* ELO *" nígbà gbogbo, torí E jẹ́ ọ̀rọ̀ gan-an. Ẹ má jà á níyàn. Ẹ jẹ́ kí òfin ìkíni kí oníbàárà padà, kó wá fi srai dá ìyókù gbólóhùn náà padà sínú ẹ̀rọ, kí òfin mìíràn lè gbé e. Ẹ ṣe òfin fún "MA" àti "SA" pẹ̀lú, nítorí nígbà mìíràn ohun tó kù lẹ́yìn ìkíni kò ju ìyẹn lọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" ńkọ́? Wọn ò ní ìtumọ̀ láìsí ìbéèrè tó ṣáájú wọn. Ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀tì rántí èsì tó sọ kẹ́yìn. Nínú AIML, "that" ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹ tọ́jú àwọn gbólóhùn tó dá wàhálà sílẹ̀

Gbogbo gbólóhùn tó bá ti ṣi bọ́ọ̀tì lọ́nà, mo ń kọ ọ́ sínú fáìlì kan, mo sì ń kọ òfin tó yẹ kó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Se Akure le wa?" ló wà lókè. Ìgbàkígbà tí mo bá yí òfin kan padà, mo ń jẹ́ kí bọ́ọ̀tì dáhùn gbogbo wọn láti òkè délẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi tó ṣí ìsọ̀. Bí ìkan bá ṣìnà, mo ń dá òfin náà padà sí bó ṣe wà, mo tún wo ìlà kẹrin.