Dado àti groove: bẹ́ ẹ ṣe máa mọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ gé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, kẹ́ ẹ tó tan router, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ kòtò sára igi, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ìlà ara igi yẹn ń sáré lọ, torí ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ dado àti groove wà. Kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tó gé ìlà yẹn kọjá ní ìbú, dado nìyẹn, ní Bìrìtéènì housing ni wọ́n sábà máa ń pè é. Tó bá tẹ̀lé ìlà lọ ní gígùn, groove ni. Àwọn méjèèjì ní ìsàlẹ̀ kan, ògiri méjì, ìdí nìyẹn tọ́pọ̀ èèyàn fi ń pe gbogbo ẹ̀ ní groove, mi ò fara mọ́ ọn rárá torí iṣẹ́ wọn ò jọra. (Èyí tó wà létí pákó pátápátá tó ní ògiri kan ṣoṣo, rabbet nìyẹn.)

Dado ló ń gbé ṣẹ́ẹ̀fù. Ẹ má gbára lé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára plywood o, èyí tí wọ́n ń pè ní mílímítà 18 sábà máa ń dín díẹ̀, torí náà ẹ gbé ẹnu ṣẹ́ẹ̀fù yẹn gan-an lé ibi tó máa wọ̀ kẹ́ ẹ wá fi ọ̀bẹ fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ méjèèjì. Ọ̀bẹ ni o, kì í ṣe pẹ́ńsù: ọ̀bẹ ló máa kọ́kọ́ já fọ́nrán igi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ etí ẹ̀ á ya wúruwùru. Tẹ́ ẹ bá gbẹ́ ẹ wọlé dé ìdá kan nínú mẹ́ta nínípọn pákó ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń gé dado sí, ó ti tó, ìyẹn mílímítà 6 nínú 18, tó bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ pákó ẹ̀gbẹ́ ò ní lágbára mọ́. Tí ṣẹ́ẹ̀fù bá kọ̀ tí ò wọlé, ara ṣẹ́ẹ̀fù ni kẹ́ ẹ fá díẹ̀díẹ̀, ẹ má fẹ dado lójú.

Groove rọrùn láti gé ní tiẹ̀, ìlà igi lẹ̀ ń bá lọ, etí ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ya. Ohun tó ń wọnú ẹ̀ ló gba ọgbọ́n. Ibẹ̀ ni pánẹ́ẹ̀lì ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù máa ń jókòó sí, tó bá sì jẹ́ igi gidi ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi gúlúù kankan síbẹ̀, igi máa ń wú tí ọ̀rinrin bá pọ̀, á tún súnkì tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ìbú ẹ̀ ló sì ń yí jù, gígùn ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún un nínú groove, tẹ́ ẹ bá lẹ̀ ẹ́ pinpin, tó bá súnkì á là gbọọrọ láàárín. Plywood ò níṣòro yẹn, ẹ lè lẹ̀ ẹ́.